Bí Omi Bá Fà Tán, Ẹ Ṣọ́ Ọkàn Yín

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́

Kí a tó ka ẹ̀kọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí olúkúlùkù sọ èrò rẹ̀ fún ẹni tí ó jókòó tì í.

– Nígbà tí omi bo abúlé yín, tàbí abúlé kan tí ẹ mọ̀, àwọn wo ni ẹ gbọ́ pé wọ́n kú?
– Ṣé gbogbo wọn ni omi gbé lọ?
– Ǹjẹ́ ẹnì kan wà tí ó kú lẹ́yìn tí omi ti fà, tí a kò sì mọ ohun tí ó pa á?

Ìbéèrè kẹta yìí ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí.

1. Ìdílé kan létí odò

Ẹ jẹ́ kí a fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ. A kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé irú ìdílé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní abúlé wa.

Bàbá ìdílé náà jẹ́ ẹni ọdún 58. Ó ń gbin àgbàdo àti gbágùúdá létí odò. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Wọ́n sọ fún un pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní tánsíọ̀n. Láti ìgbà náà, ó ń lo hóró oògùn kan ní àràárọ̀. Ara rẹ̀ le, ó sì ń ṣe iṣẹ́ oko rẹ̀.

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, odò kún, omi wọ ilé. Bàbá gbé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jáde. Ó tú àwọn ewúrẹ́ sílẹ̀. Ó padà wọlé lọ gbé àpò àgbàdo. Kò sí ẹni tí ó kú lóru ọjọ́ náà. Gbogbo ìdílé lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti ga, wọ́n sùn sí ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n oògùn bàbá ti bá omi lọ. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ rán an létí, ó ní: "Kò sí ibi tí ó ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kí a wá oúnjẹ àwọn ọmọ ná."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Omi fà. Bàbá ń lọ sí oko lójoojúmọ́, ó ń wú gbágùúdá kí ó má baà jẹrà tán. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé e láyà. Ó ń làágùn tútù. Wọ́n ní kí ó lọ sinmi lábẹ́ igi. Nígbà tí ó yá, wọ́n mú un rìn padà sílé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kú.

Àwọn kan ní: "Wọ́n ta á ní ọfà ni." Àwọn mìíràn ní: "Ọjọ́ rẹ̀ ni ó pé." Kò sí ẹni tí ó sọ pé omi ni ó pa á, nítorí pé omi ti lọ.

Ṣé lóòótọ́ ni omi kò ní ọwọ́ nínú ikú bàbá yìí? Ẹ jẹ́ kí a wò ó.

2. Iṣẹ́ tí ọkàn ń ṣe

Ọkàn wà nínú àyà. Ó tó ìkúùkù ọwọ́ ẹni tí ó ni ín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, gẹ́gẹ́ bí pọ́ǹpù ṣe ń ti omi. Láàárín ọ̀sán àti òru kan, ó máa ń lù tó nǹkan bí ìgbà 100 000. Kò ní ọjọ́ ọjà, kò ní ọjọ́ ìsinmi.

Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá ni à ń pè ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Ọkàn fúnra rẹ̀ ní iṣan tirẹ̀, tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá bọ́ ọ. Bí ènìyàn bá ń dàgbà, bí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, tàbí bí ó bá ń fa sìgá, iṣan yìí lè máa dí díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹrẹ̀ bá ń dì sínú ọ̀pá omi. Ẹni náà lè má mọ̀ rárá.

Bí iṣan náà bá dí pátápátá lójijì, apá kan ọkàn kò ní rí ẹ̀jẹ̀ mọ́. Apá náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Èyí ni a ń pè ní ìkọlù ọkàn. Ní ilé ìwòsàn, ẹ lè gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní "crise cardiaque" ní èdè Faransé.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ ń fi agbára tí ó pọ̀ jù ti iṣan. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n, wọ́n máa ń pe nọ́ńbà méjì, bí àpẹẹrẹ 12 lórí 8. Bí ó bá ń jẹ́ 14 lórí 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Ẹ kíyè sí i: ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ni. Àjọ OMS, tí ń rí sí ìlera ní gbogbo ayé, sọ pé nǹkan bí ìdajì àwọn àgbàlagbà tí ó ní in ni kò mọ̀ pé àwọn ní in. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa níbí, ìwádìí ọdún 2015 fi hàn pé nínú àgbàlagbà mẹ́rin, ó tó ẹnì kan tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nítorí náà, bí bàbá ṣe sọ pé "kò sí ibi tí ó ń dùn mí", kò purọ́. Ṣùgbọ́n àìrí ìrora kì í ṣe ìlera.

3. Ohun tí wọ́n rí ní ìlú mẹ́ta

Ní àwọn ìlú kan, ìjọba máa ń kọ ikú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ó fà á. Nítorí náà, bí àjálù bá ṣẹlẹ̀, àwọn dókítà lè ka iye àwọn tí àrùn ọkàn mú, kí wọ́n sì fi í wé ti ìgbà tí ara rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ìlú mẹ́ta.

Los Angeles, ọdún 1994. Ìlú ńlá ni ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, ilẹ̀ mì tìtì nígbà tí àwọn ènìyàn ń sùn. Ilé wó, afárá wó. Lẹ́yìn náà, àwọn dókítà yẹ ìwé ikú wò. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, àwọn tí àrùn ọkàn ń pa lójijì kò tó 5 lóòjọ́, bí a bá pín in dọ́gba. Ní ọjọ́ tí ilẹ̀ mì, wọ́n di 24. Nínú àwọn 24 yìí, àwọn 3 péré ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ agbára nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn tí ó kù kò gbé ẹrù, wọn kò sáré. Ìpayà ni ó bá ọkàn wọn.

Ní ọjọ́ mẹ́fà tí ó tẹ̀ lé e, irú ikú bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Ó tilẹ̀ kéré sí ti àtẹ̀yìnwá. Ó jọ pé àwọn tí ọkàn wọn ti ń ṣàìsàn ní ìkọ̀kọ̀ ni ìpayà ọjọ́ kan yẹn ti ṣubú.

Kobe àti Awaji, ọdún 1995. Ọdún kan géérégé lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní, ilẹ̀ mì ní ilẹ̀ Jàpáànì, ní ìlú Kobe àti ní erékùṣù Awaji tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó lé ní 6 000 ènìyàn tí ó kú. Àwọn tí ilé wó lù ni ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ní Awaji, àwọn dókítà rí ohun mìíràn. Láàárín àwọn àgbàlagbà, ikú àrùn ọkàn pọ̀ sí i, kì í ṣe ní ọjọ́ kan ṣoṣo, bí kò ṣe fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n tún rí i pé ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n ti ń tọ́jú fún ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ti ọ̀pọ̀ nínú wọn tún wálẹ̀.

New Orleans, ọdún 2005. Amẹ́ríkà ni èyí náà, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ tiwa, nítorí pé omi ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ, ìjì líle kan tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Katrina jà. Àwọn ògiri tí ń dá omi dúró ya. Bí a bá pín ìlú náà sí ọ̀nà márùn-ún, omi bo nǹkan bí mẹ́rin. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Tulane wà ní ìlú yìí. Àwọn dókítà ibẹ̀ ka àwọn aláìsàn wọn. Ṣáájú ìjì, nínú 1 000 aláìsàn tí wọ́n gbà, nǹkan bí 7 ni ìkọlù ọkàn gbé wá. Láàárín ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n tún ilé ìwòsàn náà ṣí, ó lé ní 20. Ó ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìjì náà, kò tíì padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn wọ̀nyí kò ní iṣẹ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ ni kì í lo oògùn wọn déédéé. Sìgá mímu sì pọ̀ láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kó o jọ. Los Angeles kọ́ wa pé àjálù lè pa ọkàn ní ọjọ́ kan náà. Awaji kọ́ wa pé ó lè pa á fún oṣù. New Orleans kọ́ wa pé ó lè ṣe é léṣe fún ọdún púpọ̀.

4. Ọ̀nà márùn-ún tí àjálù ń gbà dé ọkàn

Ọ̀nà kìíní: ìpayà. Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn lójijì, ara yóò tú omi kan sínú ẹ̀jẹ̀ láti fún un ní agbára sísá. Ọkàn yóò máa lù kíkankíkan. Ẹ̀jẹ̀ yóò ru. Iṣan yóò fún. Ẹ̀jẹ̀ pàápàá yóò máa yá dì. Ọkàn tí ó le lè gba èyí. Ọkàn tí iṣan rẹ̀ ti dí díẹ̀ lè má gbà á.

Àwọn dókítà ilẹ̀ Jàpáànì tún rí àìsàn kan ní ọdún 1990. Bí ìpayà tàbí ìbànújẹ́ ńlá bá bá ènìyàn, apá ìsàlẹ̀ ọkàn lè wú bí balúù, kò ní lè ti ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́. Wọ́n pe àìsàn náà ní takotsubo, ìyẹn orúkọ ìkòkò tí àwọn apẹja wọn fi ń mú ẹranko inú òkun kan, bí àwa náà ṣe ń dẹ ìgèrè. Àwòrán ọkàn náà jọ ìkòkò yìí ni. Àwọn obìnrin tí ó ti dàgbà ni ó máa ń mú jù. Ọ̀pọ̀ wọn ni ara wọn máa ń yá bí wọ́n bá tètè rí ìtọ́jú. Nítorí náà, bí a bá sọ pé "ìbànújẹ́ dé ọkàn ìyá", kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ọ̀nà kejì: oògùn tí ó sọnù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í wo àrùn náà tán. Ó ń dì í mú ni, bí okùn ṣe ń dì ewúrẹ́ mú. Bí a bá tú okùn, ewúrẹ́ yóò lọ. Ẹni tí ó bá pa oògùn tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò tún lọ sókè, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Ọ̀nà kẹta: àìsùn. Ní ibi ìsádi, ariwo pọ̀, ẹ̀fọn pọ̀, ilẹ̀ tutù. Òru ni ẹ̀jẹ̀ máa ń rọlẹ̀, tí ọkàn sì ń rí ìsinmi díẹ̀. Ẹni tí kò bá sùn, ọkàn rẹ̀ kò sinmi.

Ọ̀nà kẹrin: iyọ̀. Lẹ́yìn àjálù, ẹ̀fọ́ àti èso máa ń wọ́n. Oúnjẹ inú agolo, ẹja oníyọ̀, àti kúbù ni ó máa ń kù. Iyọ̀ ń mú kí omi pọ̀ nínú ara. Ẹ̀jẹ̀ yóò ru sí i, iṣẹ́ ọkàn yóò sì wúwo. Ní ọdún 2011, ilẹ̀ mì ní ìlà oòrùn ilẹ̀ Jàpáànì, òkun sì wọ ìlú. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, àwọn tí ọkàn wọn kò lè ti ẹ̀jẹ̀ mọ́ pọ̀ sí i ní ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà ka oúnjẹ oníyọ̀ mọ́ ohun tí ó fà á.

Ọ̀nà karùn-ún: iṣẹ́ àṣejù àti ọ̀fọ̀. Oko ti bàjẹ́, ilé ti wó, gbèsè wà nílẹ̀. Àgbàlagbà á máa ṣe iṣẹ́ tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn á fi sódábì tàbí sìgá pa ìrònú rẹ́. Sódábì àti sìgá kò pa ìrònú. Ọkàn ni wọ́n ń pa.

Ẹ padà sí ìtàn bàbá wa. Ẹ ka àwọn ọ̀nà tí ó gbà. Ìpayà òru ọjọ́ náà wà níbẹ̀. Oògùn sọnù. Kò sùn dáadáa ní ilé ẹ̀kọ́. Ó ṣe iṣẹ́ àṣejù. Omi kò rì í, ṣùgbọ́n omi ṣí ilẹ̀kùn fún ohun tí ó pa á.

5. Omi tiwa

Àwa tí a wà nítòsí odò Wémè mọ omi. Ní ọdún 2010, omi bo kọmíìnì 55 nínú 77 tí ó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ó kan nǹkan bí 680 000 ènìyàn. Ó bo oko, ilé, ilé ẹ̀kọ́, kànga àti ilé ìwòsàn.

Lẹ́yìn irú omi bẹ́ẹ̀, a máa ń sọ̀rọ̀ kọ́lẹ́rà àti ibà. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n ń pani. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń sọ̀rọ̀ ọkàn? Bí àgbàlagbà kan bá kú sílé ní oṣù kan lẹ́yìn omi, a óò sin ín, kò sì sí ẹni tí yóò kọ ọ́ mọ́ iye àwọn tí omi pa. Ohun tí a kò kà, a kì í múra sí. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá kú ní abúlé, ẹ lọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní máírì, kí ẹ sì sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀.

6. Ohun tí a lè ṣe

Àwọn àgbà ní: "Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n." Omi odò kì í ṣe ìmìtìtì ilẹ̀. Ìmìtìtì kì í sọ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n a mọ oṣù tí odò máa ń kún. Nítorí náà, a lè múra.

Kí omi tó dé:
– Kí gbogbo ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn.
– Ẹni tí ó ń lo oògùn, kí ó bẹ ilé ìwòsàn kí wọ́n fún un ní èyí tí yóò tó o fún oṣù kan, kí omi tó kún.
– Ẹ fi oògùn àti kànẹ́, ìyẹn ìwé ìlera yín, sínú ọ̀rá méjì. Ẹ di ẹnu rẹ̀ dáadáa. Ẹ gbé e kọ́ sí ibi gíga, nítòsí ilẹ̀kùn.
– Ẹ kọ orúkọ oògùn náà sí ìwé pélébé kan, kí ẹ sì fún ọmọ tàbí aládùúgbò kan tọ́jú. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí. Ẹ lo ìmọ̀ yín.
– Kí abúlé kọ orúkọ àwọn arúgbó àti àwọn tí ọkàn wọn kò le. Kí wọ́n yan ọ̀dọ́ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí yóò gbé e jáde.

Nígbà tí omi bá dé:
– Ọmọ, àgbà, àti ọ̀rá oògùn ni kí a kọ́kọ́ gbé. Àpò àgbàdo tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀dọ́ ni kí ó gbé e.
– Ní ibi ìsádi, ẹ wá ibi tí ó gbẹ, tí kò sí ariwo, fún àwọn àgbàlagbà láti sùn.
– Bí oògùn bá sọnù, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí omi bá fà. Ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ẹni tí ń pín oúnjẹ lọ́jọ́ náà gan-an.
– Ẹ má ṣe yá oògùn ẹlòmíràn lò. Ẹ má ṣe ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á ní títì.
– Bí ẹ bá gbàgbé oògùn àná, ẹ má ṣe lo méjì lónìí. Ẹ lo ti òní nìkan.

Lẹ́yìn tí omi bá fà:
– Ẹ padà lọ wọn ẹ̀jẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí ara bá tilẹ̀ yá yín.
– Iyọ̀ gbogbo oúnjẹ ọjọ́ kan fún àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ ju ṣíbí kékeré kan lọ. Iyọ̀ inú kúbù wà nínú rẹ̀. Bí a bá ní ẹja oníyọ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ da omi náà nù kí ẹ tó sè é.
– Ẹ fi àárọ̀ ṣe oko ara yín ní ẹgbẹ́, kí àgbàlagbà má dá nìkan ṣe iṣẹ́ tí ó wúwo.
– Ẹ máa bẹ àwọn tí ó ń ṣọ̀fọ̀ wò. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ bá wọn jẹun. Ẹ má ṣe dá opó àti arúgbó dá ìrònú wọn. Ìbẹ̀wò jẹ́ ìtọ́jú.

7. Àmì tí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀:
– àyà tí ó ń dun ni bí ẹni pé ohun wíwúwo lé e, fún ìṣẹ́jú mélòó kan;
– ìrora tí ó lọ láti àyà dé apá òsì, ẹ̀yìn, ọrùn tàbí àgbọ̀n;
– òógùn tútù, èébì, òòyì;
– mímí tí kò já gaara, pàápàá bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀;
– ẹsẹ̀ méjèèjì tí ó ń wú;
– ẹnu tí ó ṣàdédé wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá tí kò lè gbéra, ọ̀rọ̀ tí kò já gaara. Èyí ni àmì àrùn rọpárọsẹ̀.

Nígbà mìíràn, àyà obìnrin kì í dùn ún púpọ̀. Àárẹ̀ tí kò rí irú rẹ̀ rí, èébì, tàbí àìlèmí dáadáa lè jẹ́ àmì tirẹ̀.

Ẹ mú aláìsàn jókòó, kí ó fara ti nǹkan. Ẹ tú aṣọ tí ó fún un. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rìn. Ẹ wá mọ́tò, tàbí zémì pẹ̀lú ẹni tí yóò dì í mú lẹ́yìn, tàbí ọkọ̀ ojú omi. Ẹ má ṣe fún un ní àgbo tàbí ọtí. Ẹ má sì fi wákàtí ṣòfò lórí ẹni tí ó ta ọfà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà, kí ó gbà á lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn.

8. Ẹ jẹ́ kí a tún ìtàn náà sọ

Omi kún lóru. Àkọ́bí bàbá gbé àwọn ọmọ. Ìyàwó rẹ̀ já ọ̀rá oògùn ní ibi tí ó kọ́ ọ sí. Àwọn ọ̀dọ́ gbé àpò àgbàdo méjì, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́, bàbá lo oògùn rẹ̀ ní àràárọ̀. Nígbà tí omi fà, ó lọ wọn ẹ̀jẹ̀. Ó jẹ́ 16 lórí 10. Wọ́n pààrọ̀ oògùn rẹ̀, wọ́n ní kí ó dín iyọ̀ kù, kí ó sì tún padà wá. Ẹgbẹ́ àárọ̀ bá a wú gbágùúdá. Apá kan jẹrà. Gbèsè kù nílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò tí ó tẹ̀ lé e rọ̀, bàbá wà níbẹ̀ láti gbin òmíràn.

Àpò àgbàdo kan kò tó ẹ̀mí ènìyàn kan.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́

1. Ọkàn tó báwo? Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?
2. Ènìyàn mélòó ni àrùn ọkàn pa lójijì ní Los Angeles ní ọjọ́ tí ilẹ̀ mì? Mélòó ni ní ọjọ́ mìíràn?
3. Ẹ dárúkọ ọ̀nà márùn-ún tí àjálù ń gbà dé ọkàn.
4. Nínú ìtàn àkọ́kọ́, àṣìṣe wo ni ìdílé náà ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun bàbá?
5. Nínú ilé yín, ta ni ó ń lo oògùn lójoojúmọ́? Níbo ni oògùn náà wà báyìí? Bí omi bá dé lóru òní, ta ni yóò gbé e?

Iṣẹ́ ṣíṣe: kí ẹ tó tún pàdé, kí olúkúlùkù kọ orúkọ àwọn àgbàlagbà ilé rẹ̀ sí ìwé, kí ó sì kọ ọjọ́ tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn gbẹ̀yìn sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan kò bá wọ̀n ọ́n rí, ẹ kọ "kò tíì wọ̀n ọ́n". Ẹni náà ni kí ẹ kọ́kọ́ bá lọ sí ilé ìwòsàn.